Ẹni Tó Lọ àti Ẹni Tó Kù: Bí A Ṣe Wá Ìdílé Aṣíkiri Kan Kàn ní Norfolk

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ní ilé ìdáná mi ní Norwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo ń ki ọmọ ọmọ mi bí mo ṣe máa ń kì í láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Mo pè é ní ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ̀, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, mo rán an létí pé ìjàkadì ni orò Ọ̀fà, mo sì ń bá a lọ títí mo fi kan àwọn àgbà ilé ọkọ mi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bá láyé. Ó gbọ́ mi tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè pé, "Màmá Àgbà, ti Dádì ńkọ́?"

Ọmọ Amẹ́ríkà ni baba rẹ̀, láti ìpínlẹ̀ Ohio. Àna mi rere ni, kì í sì í ṣe ẹni tí ń fi ìdílé rẹ̀ yangàn, nítorí náà kò sí ìgbà kan tí ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ jáde láàárín wa. Ohun tí ìdílé rẹ̀ ní lọ́wọ́ kò ju ojú ewé kan ṣoṣo lọ nínú Bíbélì àtijọ́ kan. Orúkọ ọkùnrin kan wà níbẹ̀, àti orúkọ ìyàwó rẹ̀, àti ti àwọn ọmọ wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré nípa ibi tí wọ́n ti wá: láti Norfolk, ọdún 1836. Norfolk kan náà, ẹkùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Norwich wà, tí mo ti ń gbé láti ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ó ṣeé ṣe kí n ti tọ́jú àwọn ìbátan ọkùnrin yìí lórí ibùsùn àìsàn láìmọ̀. Ìbéèrè ọmọ náà kò jẹ́ kí n sùn ní òru ọjọ́ náà, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, mo sọ fún àna mi pé, bí ó bá gbà fún mi, èmi ni n ó bá a wá wọn. N kò ní dárúkọ ọkùnrin náà níbí, nítorí pé àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì wà láàyè ní ìhà méjèèjì òkun.

Kí n tó fọwọ́ kan ìwé kankan, mo kọ́kọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ lára ìdílé kan tí àwọn olùwádìí ti tú palẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, tí ìlú wọn kò sì jìnnà sí ilé mi. Abraham Lincoln, Ààrẹ kẹrìndínlógún ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò mọ ìdílé tirẹ̀ dáadáa rékọjá baba baba rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ kúkúrú kan tí ó kọ nípa ara rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jesse Fell, ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1859, ó ní baba baba òun, tí òun náà ń jẹ́ Abraham, kó kúrò ní Virginia lọ sí Kentucky ní nǹkan bí ọdún 1781 tàbí 1782, wọ́n sì pa á níbẹ̀. Ó ní Pennsylvania ni àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti wá. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti so wọ́n mọ́ àwọn Lincoln ti New England, ìyẹn apá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí Massachusetts wà, ó ní kò sí ohun kan tó dájú tí ó tibẹ̀ jáde ju pé irú orúkọ kan náà ni ìdílé méjèèjì fi ń sọ ọmọ: Enoch, Levi, Mordecai, Solomon, Abraham.

Nígbà tí mo ka èyí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá dé agboolé tí wọ́n ti ń jẹ́ Fágbèmí, Fákúnlé àti Fátóyìnbó kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ilé onífá ni òun wọ̀. Lincoln rò pé ohun kékeré ni ìjọra orúkọ náà, ṣùgbọ́n òun gan-an ni okùn tí kò já. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn olùwádìí tẹ̀lé e débi tó yẹ: Abraham Ààrẹ jẹ́ ọmọ Thomas, Thomas jẹ́ ọmọ Abraham tí wọ́n pa ní Kentucky, Abraham yẹn jẹ́ ọmọ John tí ó kó lọ sí Virginia, John jẹ́ ọmọ Mordecai, Mordecai jẹ́ ọmọ Mordecai mìíràn tí wọ́n bí ní 1657, Mordecai àkọ́kọ́ yìí sì jẹ́ ọmọ Samuel Lincoln, aṣíkiri tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Massachusetts ní 1637.

Ìlú Hingham ni Samuel ti wá. Láti ilé mi, ìrìn ọkọ̀ tí kò tó wákàtí kan ni. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Andrew Mímọ́ níbẹ̀, ère orí Abraham Lincoln wà lára ògiri láti ọdún 1919. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ère náà ni ó gbà mí lọ́kàn. Ohun tí mo lọ wá ni bí ènìyàn ṣe lè mọ̀, pẹ̀lú ìdánilójú, pé ọmọdékùnrin kan tí wọ́n rì bọmi ní ìlú kékeré yìí ní ọjọ́ 24 oṣù Ògún ọdún 1622 ni ọkùnrin kan náà tó kú ní ìhà kejì òkun ní 1690.

Ní 1538, lábẹ́ ọba Henry Kẹjọ, Thomas Cromwell pàṣẹ pé kí àlùfáà ìjọ kọ̀ọ̀kan máa kọ gbogbo ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú ìwé kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ ti ṣègbé, nítorí pé orí tákàdá lásán ni wọ́n kọ wọ́n sí, títí àṣẹ mìíràn fi jáde ní 1598 pé orí awọ ni kí wọ́n máa kọ ọ́ sí, kí wọ́n sì máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún. Ẹ̀dà yìí ti gba ọ̀pọ̀ ìdílé là, nítorí pé ibi tí eku tàbí omi bá ti jẹ ìwé ìjọ, ìwé bíṣọ́ọ̀bù a máa dáhùn. Láàárín 1642 sí 1660, nígbà tí ogun abẹ́lé pín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí méjì tí wọ́n sì bẹ́ ọba lórí, àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ìjọ já lójijì, bí ìgbà tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá dákẹ́ ní àárín gbólóhùn.

Ìṣirò ọdún pàápàá yàtọ̀. Títí di 1752, kì í ṣe ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé òfin àti ti ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí kò ṣe ọjọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà. Edward Lincoln, baba Samuel, ni wọ́n sin ní Hingham ní oṣù Èrèlé ọdún tí àwa yóò pè ní 1640, ṣùgbọ́n 1639 ni ọdún náà lójú akọ̀wé tó kọ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rí ọmọ tí wọ́n rì bọmi ní oṣù Bélú àti ìyá rẹ̀ tí wọ́n sin ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ "ọdún kan náà", yóò sì rò pé ìyá ti kú kí ó tó bímọ.

Ìwé kejì tó bá Samuel wí wà ní etíkun. Ní oṣù Igbe ọdún 1637, àwọn òṣìṣẹ́ ọba ní èbúté Great Yarmouth ń béèrè orúkọ, ọjọ́ orí àti ìdí ìrìn àjò lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wọkọ̀ ojú omi. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, wọ́n kọ orúkọ Francis Lawes, ahunṣọ láti Norwich, ẹni ọdún 57, àti Liddea ìyàwó rẹ̀, ẹni ọdún 49, pẹ̀lú Marey ọmọ wọn, àti ọmọ iṣẹ́ méjì: Anne Smith, ọmọ ọdún 19, àti Samuell Lincorne, ọmọ ọdún 18. Wọ́n ní New England ni wọ́n ń lọ láti máa gbé ibẹ̀. Lincorne ni akọ̀wé kọ, nítorí pé etí ni akọ̀wé fi ń kọ orúkọ nígbà náà, ẹni tó bá sì ń fi ojú nìkan wá Lincoln yóò kọjá lára rẹ̀.

Ọjọ́ orí náà kò bá ìrìbọmi mu. Ọmọ tí wọ́n rì bọmi ní oṣù Ògún 1622 kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní oṣù Igbe 1637. Àwọn kan ní ó ti dàgbà díẹ̀ kí wọ́n tó rì í bọmi. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ṣe ni ó fi ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀. Èmi wà pẹ̀lú àwọn tó sọ ti ìkejì. Mo mọ ohun tí ọmọdékùnrin tí kò ní ogún lè sọ níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba kí wọ́n lè jẹ́ kí ó kọjá. Ó gbà mí ní àkókò pípẹ́ kí n tó gbà pé ìwé tí ọba fọwọ́ sí lè ní irọ́ nínú, kí ó sì ṣì jẹ́ ẹ̀rí tó dára jù lọ tí a ní.

Ìdí tí ọmọ náà kò fi ní ogún wà nínú ìwé mìíràn, òun ni ó sì kọ́ mi ní ohun tí mo lò fún ìdílé àna mi. Richard Lincoln, baba Edward, jẹ́ ẹni tó ní ilẹ̀ àti ilé ní Swanton Morley, kò jìnnà sí Hingham. Ó fẹ́ ìyàwó mẹ́rin, ọ̀kan lẹ́yìn ikú èkejì. Edward ni ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́. Nígbà tí Richard kú ní 1620, ìwé ìhágún rẹ̀ gbé ogún náà fún àwọn ọmọ ìyàwó kẹrin, ó sì yọ àkọ́bí sílẹ̀. Edward jókòó sí Hingham pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Bridget Gilman, wọ́n bí ọ̀pọ̀ ọmọ, kò sì sí ilẹ̀ tí yóò pín fún wọn. Nínú àwọn ọmọ náà, Thomas kọ́ iṣẹ́ ahunṣọ ó sì ré kọjá òkun, Daniel lọ, Samuel, tí kò tíì ní irùngbọ̀n, wọ inú ìdílé ahunṣọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́, ó sì bá wọn lọ.

Gbogbo ilé tó ti ní ìyàwó ju ọ̀kan lọ mọ ìtàn yìí. Mo ti rí i ní Ọ̀fà, mo ti rí i ní Ìlọrin, mo ti rí àgbà ọkùnrin tó ń sunkún ní orí ilẹ̀ tí baba rẹ̀ fi fún àbúrò. N kò mọ̀ pé irú rẹ̀ ni ó wà ní ìdí ìrìn àjò tó gbé baba ńlá Lincoln dé Amẹ́ríkà. Ohun tó sì dùn mí jù lọ nínú rẹ̀ ni pé ìwé tó pa Edward lára náà ni ó jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó jẹ́. Bí Richard bá ti pín ogún dọ́gba, bóyá Samuel ì bá wà lórí oko ní Swanton Morley títí ikú, kò sì sí ẹni tí ì bá béèrè rẹ̀.

Kì í sì í ṣe òun nìkan ló lọ. Hingham ń tú jáde bí ilé oyin nígbà náà. Àlùfáà wọn, Robert Peck, jẹ́ Puritan, ọ̀kan lára àwọn tó fẹ́ fọ ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, Matthew Wren tó di bíṣọ́ọ̀bù Norwich ní 1635 kò sì gbà fún irú wọn rárá. Ní 1635 kan náà ni Peter Hobart, ọmọ bíbí Hingham tí òun náà jẹ́ àlùfáà, dá ìlú tuntun sílẹ̀ ní Massachusetts, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hingham. Ní 1638, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Diligent kó ènìyàn 133 lọ síbẹ̀, Peck sì wà lára wọn. Daniel Cushing, akọ̀wé ìlú tuntun náà, kọ orúkọ àwọn tó ti Hingham àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀ wá, ọdún dé ọdún. Ìwé rẹ̀ jẹ́ ìṣúra, nítorí pé ó fi hàn pé àdúgbò ni ó ṣí, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Thomas Lincoln mẹ́rin ni ó wà ní Hingham tuntun náà lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn ará ìlú sì fi ń dá wọn mọ̀: Thomas ahunṣọ, Thomas akan-àgbá, Thomas ọlọ́lọ, Thomas àgbẹ̀. Bí a ṣe ń sọ Jímọ̀ alápatà àti Jímọ̀ télọ̀ ní àdúgbò wa gan-an nìyẹn.

Pẹ̀lú ẹ̀kọ́ yìí ni mo fi padà sí ìwé ilé wa. Ìgbéraga kékeré kan sì ti wọ inú mi: mo rò pé, bí wọ́n bá lè rí ọmọ ọdún 1622, ti ọdún 1836 kò lè le.

Ó le. Baba ńlá àna mi jẹ́ alágbàṣe oko, ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí ń gba owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Irú rẹ̀ kì í kọ ìwé ìhágún. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ ọdún 1837, ìyẹn ọdún kan lẹ́yìn tó lọ. Ìkànìyàn àkọ́kọ́ tí orúkọ gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè wáyé ní 1841. Kò sí níbẹ̀. Ó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn tó kù díẹ̀ kí ó ṣí.

Ohun tó kù ni ìwé ìrìbọmi. Lórí òkúta ibojì rẹ̀ ní Ohio, wọ́n kọ ọdún, oṣù àti ọjọ́ tó lò láyé, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn nígbà náà, nítorí náà mo ṣírò rẹ̀ padà mo sì rí i pé ìparí ọdún 1804 ni wọ́n bí i. Mo jókòó sí ilé ìkówèésí àkọsílẹ̀ Norfolk ní ẹ̀yìn ìlú Norwich, mo sì ń ka àwòrán ojú ewé lórí ẹ̀rọ títí omi fi ń jáde lójú mi. Mo rí orúkọ náà, orúkọ àti àpèlé pé, ní abúlé tó bójú mu, ní ọdún 1803, mo sì ka ìyàtọ̀ ọdún kan náà sí ohun kékeré. Mo sọ fún àna mi lórí fóònù pé a ti rí i. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tẹ àwọn ará ilé rẹ̀ láago ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìdílé.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ń wá ohun mìíràn, mo ṣí ìwé ìsìnkú abúlé yẹn. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ọmọ ọwọ́, ọmọ bàbá àti ìyá kan náà, wọ́n sin ín kí ó tó pé ọdún kan. Ẹni tí mo fi ṣe baba ńlá gbogbo ilé kan ní Ohio kò tíì kọ́ ìrìn kí ó tó kú. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ bí ó ṣe rí láti pe ẹbí aláìsàn kí n sì sọ ohun tí wọn kò fẹ́ gbọ́, síbẹ̀ ìpè tí mo pe àna mi ní alẹ́ ọjọ́ náà nira fún mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín. Ó kéré tán, ẹnì kan ti rántí ọmọ yẹn báyìí." Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tí mo rí nínú ìwé ìrìbọmi tí n kò ní kọ́kọ́ lọ wò nínú ìwé ìsìnkú.

Ìgbà yẹn ni mo rántí Edward Lincoln àti bí ó ṣe jẹ́ pé àwọn tó kù sílé ni wọ́n jẹ́ kí a mọ ẹni tó lọ. Mo fi ọkùnrin náà sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó fi sílẹ̀. Òfin ìgbéyàwó ọdún 1753, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1754, ti pa á láṣẹ pé kí tọkọtaya àti ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, fọwọ́ sí ìwé. Mo rí ìgbéyàwó rẹ̀ ní abúlé mìíràn, pẹ̀lú orúkọ ìyàwó kan náà tó wà nínú Bíbélì. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀wéé kọ, wọ́n fa àmì àgbélébùú sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn. Àmì tirẹ̀ wúwo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé náà já. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí jẹ́ obìnrin tí àpèlé rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ni. Mo tẹ̀lé obìnrin náà lọ sí ilé ọkọ tirẹ̀, mo sì rí i nínú ìkànìyàn 1841. Arúgbó obìnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tó ń jẹ́ àpèlé kan náà, ẹni àádọ́rin ọdún.

Ìkànìyàn 1841 kì í sọ òtítọ́ tó pé. Wọ́n ní kí wọ́n máa gé ọjọ́ orí àwọn tó bá ti ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ìsàlẹ̀, ní márùn-ún márùn-ún, kò sì sọ ẹni tí ẹnì kan jẹ́ sí èkejì nínú ilé. Ti 1851 ni ó ń sọ ìbátan, ọjọ́ orí gan-an àti abúlé tí wọ́n ti bí ènìyàn. Mo ṣí ti 1851 pẹ̀lú àdúrà pé kí ìyá arúgbó náà máà tíì kú. Kò tíì kú. Ẹni ọdún 81, opó, ìyá ìyàwó baálé ilé, aláìní tó ń gba ìrànwọ́. Ibi tí wọ́n ti bí i sì jẹ́ abúlé kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tí n kò sì ronú láti wò.

Ìwé abúlé yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìrìbọmi ìyá náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ìgbéyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ìrìbọmi ọmọkùnrin kan ní oṣù Bélú ọdún 1804, ní orúkọ tí a ń wá. Ìyá náà ti padà sí ilé àwọn òbí rẹ̀ láti bí i. Mo lọ sí ìwé ìsìnkú lẹ́ẹ̀mejì, mo kà á títí dé ọdún 1837. Ọmọ náà kò kú.

Ìwé ìgbìmọ̀ ìjọ abúlé tí ọkùnrin náà ti gbéyàwó, tí ó sì ń gbé, ni ó parí ọ̀rọ̀. Nígbà náà, ìgbìmọ̀ ìjọ ni ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀. Òun ni ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ láti fi bọ́ àwọn aláìní. Òfin Àwọn Aláìní tí wọ́n ṣe ní 1834 fún wọn láyè láti yá owó kí wọ́n fi sanwó ọkọ̀ fún aláìní tó bá fẹ́ ṣí lọ sí òkèèrè, ọ̀pọ̀ abúlé ní Norfolk sì lo àǹfààní náà ní 1836. Láti Yarmouth ni wọ́n ti ń kó wọn lọ sí Quebec. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Bàtà, bùláńkẹ́ẹ̀tì, owó ọkọ̀. Akọ̀wé náà ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára púpọ̀.

Mo ka ojú ewé yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì lè sọ pé inú mi dùn. Àwọn kan yóò pè é ní àánú. Lójú tèmi, àwọn onílẹ̀ jókòó, wọ́n ṣírò iye tí ìdílé náà yóò jẹ ní ọdún mélòó kan, wọ́n sì rí i pé owó ọkọ̀ kéré jù ú lọ. Wọ́n mọ iye bàtà ọmọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú ìwé náà tí wọ́n ti mẹ́nu kan ìyá tó kù. Òun ni ó gbé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kéré tán, lẹ́yìn ìlọ ọmọ rẹ̀, nínú ilé àna, lórí owó ìrànwọ́. Kò mọ̀wéé kà. Bí lẹ́tà kan bá tilẹ̀ dé, ẹlòmíràn ni yóò kà á sí i létí. Nígbà tí mo kúrò ní Ọ̀fà ní 1989, ìyá mi náà kò mọ̀wéé kà. Ọmọ ilé kejì ni ó máa ń ka lẹ́tà mi fún un, ó sì máa ń ní kí ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Èbìbí, àna mi wa ọkọ̀, a sì lọ sí abúlé ìyá náà, èmi, òun, ọmọ mi àti ọmọ ọmọ mi. A kò retí ibojì; abúlé ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, aláìní kì í sì í ní òkúta. Ọmọ náà bi wá pé ibo wá ni kí òun wò. Baba rẹ̀ ronú, ó wá fà á lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní a kò mọ ilé tó gbé ní abúlé yìí, a kò mọ ọ̀nà tó máa ń tọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yìí dá wa lójú: ibí ni wọ́n gbé e gbà nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́, ibí ni ó gbà lọ ṣègbéyàwó, ibí ni ó sì gbé baba ńlá wa gbà nígbà tí ó bí i. Òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà ti jẹ sínú ní àárín. Ọmọ ọmọ mi wò ó, ó ka á lórí ìka rẹ̀, ó sì wọlé, ó jáde, ó wọlé, ó jáde, títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta.